Ẹja La Ń Pín Dọ́gba

Bàbá àgbà mi, Oríyọmí, kú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, orí ẹní ni, nínú ilé pákó wa, ojú mi ló ṣe. Ìgbà kejì ni òjò èṣí, nígbà tí òkun kó ibi tí a sin ín sí lọ, òun pẹ̀lú igi àgbọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ mi sunkún. Èmi kò sunkún. Mo ní kí ọmọ ọmọ mi yìí mú ìwé àti bírò wá, nítorí èmi kò mọ̀wé, kí n sọ irú ẹni tí bàbá náà jẹ́, kí ó kọ ọ́. Ilẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ti lọ. Àwa ènìyàn tí a mọ̀ ọ́n náà kò pọ̀ mọ́.

N kò ní sọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Òun alára kò mọ̀ ọ́n. N kò sì ní sọ pé ó dára ní gbogbo ọ̀nà, nítorí oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi bá a gbé inú ilé kan náà tí n kò kí i. Bàbá àgbà mi mọ ohun tó lè pa ọkọ mi, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí ìdí ọkọ̀ tí ọkọ mi ń wà. Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ṣe é.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni ó ń tún ṣe. Nígbà tí àwọn tó ń wá epo rọ̀bì kọ́kọ́ wọ odò wa, ó bá wọn ru ẹrù, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára mẹkáníìkì wọn. Nígbà tí wọ́n kó lọ síbòmíràn, ó ti mọ inú ẹ́ńjìnnì bí obìnrin ṣe ń mọ inú ìkòkò rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé èyí tó ń ṣàìsàn wá, kì í kọ́kọ́ tú u. Á ní kí wọ́n tan án, á fi ìdí àjẹ̀ kan ara rẹ̀, á fi orí àjẹ̀ náà kan etí, á dijú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wúkọ́. Mo rántí awakọ̀ kan tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, tó ń bi í lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì pé, "Bàbá, kí ló ń ṣe é?" Bàbá kò lajú. Ó ní, "Jẹ́ kó sọ ọ́ tán ná."

Kì í gbẹ́kẹ̀ lé ohun tuntun. Ẹlòmíràn á ra okùn tuntun, inú rẹ̀ á dùn. Bàbá á so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré rẹ̀, á máa wọ́ ọ káàkiri inú odò fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó jẹ́ kí wọ́n fi so ìdákọ̀ró. Àwọn obìnrin máa ń dúró ní èbúté láti fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ìyá àgbà mi bi í lójú gbogbo wọn pé, "Bàbá Jóòbù, nígbà tí o fẹ́ mi, ṣé o so mí mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ́ kiri?" Bàbá ń ká okùn lọ. Ó ní, "N kò so ọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ra ẹja lọ́wọ́ ìyá rẹ, ẹja tí n kò jẹ."

Ẹ óò ní kí ni gbogbo èyí. Ẹ fara balẹ̀.

Ìlú wa nígbà náà, ìlú onígbàgbọ́ ni, a kì í dá nǹkan ní. Ilé, ọkọ̀, àwọ̀n, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo wa. Bí àwọn apẹja bá dé, wọ́n á lu agogo, ilé kọ̀ọ̀kan á gbé abọ́ wá, a ó pín ẹja náà dọ́gba. Orúkọ tí a ń pe ẹja yẹn gan-an nìyẹn: ìpíndọ́gba. Ìyé mi, ìyá tó bí mi, á ní, "Sáré lọ gba ìpíndọ́gba wa wá kó tó tutù." Bí ilé kan bá gba mẹ́fà, ìwọ náà á gba mẹ́fà, ìbáà ṣe olórí ìlú ló ń gbé inú ilé kejì. Ẹni tó bá bu ẹja ńlá sínú abọ́ ọmọ tirẹ̀, ó sàn kó jalè. Olè, a ó gbàdúrà fún un. Ẹni tó ṣe ojúsàájú nídìí ìpín, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ títí dé orí ọmọ rẹ̀.

Èyí ni etí tí a fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì fún wa. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ, akọ̀wé ìlú ń túmọ̀ fún wa nínú gbọ̀ngàn. Rọ́bà kan wà nínú ẹ́ńjìnnì, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ó ní apá wẹ́wẹ́ yí ká. Òun ló ń fa omi sókè kí ẹ́ńjìnnì má baà jóná. Bó bá ya, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á sì kú. Wọ́n bi ọkùnrin náà pé báwo ni rọ́bà yìí ṣe ń pẹ́ tó. Ó ní wọ́n ti ka ọjọ́ ayé púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n fi iye rọ́bà náà pín in. Akọ̀wé dúró, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa pe ohun tí wọ́n pín náà. Ó wá ní, "Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ ọdún méjì."

Gbogbo gbọ̀ngàn mi orí. Èmi náà mi orí. Ohun tí a gbọ́ ni pé wọ́n ti fún rọ́bà kọ̀ọ̀kan ní ọdún méjì tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ẹja mẹ́fà.

Bàbá nawọ́ sókè. "Akọ̀wé, bi í pé àwọn tó kú ní oṣù àkọ́kọ́, mélòó ni wọ́n?"

Akọ̀wé bi í. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní wọn kò pọ̀.

"Bi í pé àwọn tí kò tíì kú ńkọ́? Ṣé ó kà wọ́n mọ́ ọn?"

Akọ̀wé kò bi í. Bàbá bu omi odò wa sínú àwo irin kan, ó gbé e sójú oòrùn lẹ́nu ọ̀nà, a sì ń bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Nígbà tí omi gbẹ, ó gbé àwo náà wá síwájú àlejò. Iyanrìn ló kù nísàlẹ̀ rẹ̀, ó nípọn bí èékánná. Ó ní, "Bi í bóyá irú omi yìí ni rọ́bà tí ó kà ń mu." Ọkùnrin náà ní ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ epo ni wọ́n fi kà á, lójú omi jíjìn. Alàgbà tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ọkọ̀ ní ó tó, kí Bàbá jókòó. Ó jókòó tì mí. Ó sọ ọ́ sí mi létí, "Ẹja la ń pín dọ́gba, ọma mi. Ẹ̀mí kò dọ́gba."

Ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń kà á. Nínú àtíbàbà tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ta okùn kan láti ògiri dé ògiri, ó ta kókó sí i, kókó kan fún oṣù kan. Bí rọ́bà kan bá kú, á so ó rọ̀ sí kókó oṣù tó kú. Ẹni tó bá wọlé á rí wọn: àwọn kan so jọ nítòsí ẹnu ọ̀nà, ní oṣù kìíní, oṣù kejì, oṣù kẹta. Lẹ́yìn wọn, okùn ṣófo lọ jìnnà. Àwọn yòókù wá so jọ ní ìparí, níbi tí ọdún ti ń sún mọ́ mẹ́rin. Ní kókó ọdún méjì, kò sí nǹkan kan. Aláǹtakùn gan-an kò takùn sí i.

Á fa akọ̀wé lọ́wọ́ wọlé. "Fi ìka kan èyí tó kú ní ọdún méjì hàn mí."

"Bàbá, bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀ tí a pín in, ọdún méjì náà ni yóò jẹ́."

"Mo gbọ́. Ìwọ lo pín in. Rọ́bà kò pín nǹkan kan."

Ó ní ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń pa wọ́n. Àwọn kan ti gbé ikú wọn wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n, wọn kì í kọjá oṣù mẹ́ta. Èyí tó bá kọjá ibẹ̀, ó di àgbà, ó kù kí iyanrìn wa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. "Akọ̀wé da òkú ọmọdé pọ̀ mọ́ òkú arúgbó, ó wá ní agbedeméjì ni gbogbo wọn kú." Ẹnu rẹ̀ mú, mo mọ̀. Lójú ènìyàn ni ó sọ ọ́, akọ̀wé kò sì dárí rẹ̀ jì í.

Mo ti ṣègbéyàwó nígbà náà, mo sì lóyún oṣù márùn-ún. Sámúẹ́lì lorúkọ ọkọ mi, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ méjì tó ń gba ojú òkun lọ sí Araromi lọ́jọ́ ọjà. Tìmótì ni ìkejì. Kí ọkọ̀ tó dé ojú òkun gangan, ó gbọ́dọ̀ la ibi tí ìgbì ti ń fọ́ lẹ́nu odò kọjá. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú níbẹ̀ nígbà òjò, ìgbì á dá a nù. A ti sin ènìyàn nítorí ibẹ̀, àwọn mìíràn a kò rí wọn sin.

Ẹ́ńjìnnì tuntun méjì dé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ́ńjìnnì àgbà kan ṣoṣo ló kù tó dára, ó ti lo oṣù méjìlélógún. Wọ́n pe ìpàdé. Alàgbà ẹ̀ka ọkọ̀ ní, "Àgbà yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìpín rẹ̀ tán. Ẹ gbé e kúrò lójú òkun, kí ẹ gbé tuntun méjèèjì síbẹ̀. Wọn kò tíì fọwọ́ kan ìpín tiwọn."

Bàbá ní, "Ẹ ti dorí rẹ̀ kodò. Èyí tí a ti mọ̀ ni kó lọ sí òkun. Kí tuntun máa ná odò fún oṣù mẹ́ta. Bó bá máa kú, kó kú níbi tí ẹsẹ̀ ti ń kan ilẹ̀."

"Oṣù mẹ́ta? Ẹja yíyan ìyàwó rẹ á dúró dè wá fún oṣù mẹ́ta?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tú ọ̀kan, kí òun wo rọ́bà inú rẹ̀. Wọ́n ní rárá, àwọn tó tà á ti fi èdídì sí i, bí a bá já a, wọn kò ní dá wa lóhùn mọ́. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi sú gbogbo ènìyàn. Níkẹyìn Alàgbà ní, "Ó dáa. Àgbà kan, tuntun kan, kí tuntun kejì máa ná odò bí o ṣe fẹ́. Ìwọ lo ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀, ìwọ ni kí o pín in." Ó wá rọra fi kún un, "Gbogbo wa kúkú mọ ọkọ̀ tí àgbà máa bá lọ."

Bàbá wo ilẹ̀.

Èmi, inú mi dùn. Kí ni kí n fi pa mọ́ ní ọjọ́ orí mi yìí? Mo rò pé bí Alàgbà ṣe sọ ọ́ ni yóò rí. Mo délé, mo yan ẹja, mo gbé e fún Bàbá bí ẹni ń dúpẹ́ ṣáájú. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ ọwọ́.

Lọ́jọ́ ọjà, mo bá wọn lọ sí èbúté láàárọ̀. Ọ̀run ṣú, a ń gbọ́ ìró òkun láti ibi tí a wà. Orí ẹ́ńjìnnì àgbà ti ṣá, oòrùn ti bó ọ̀dà ara rẹ̀. Tuntun ń dán. Mo wo ìdí ọkọ̀ Tìmótì, mo rí èyí tó ṣá. Mo wo ìdí ọkọ̀ Sámúẹ́lì.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣi ọkọ̀."

"N kò ṣì í."

"Sámúẹ́lì ló wà níbí."

"Mo mọ ẹni tó wà níbẹ̀."

Dọ̀kásì, ìyàwó Tìmótì, dúró tì mí pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti rí ohun tí mo rí. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, mo gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Àwọn èrò fẹ́ máa wọ ọkọ̀ Sámúẹ́lì. Àwọn kan tilẹ̀ ń ti ara wọn, nítorí pé ó jẹ́ tuntun. Bàbá la àtẹ́lẹwọ́. Irin kan tí wọ́n fi ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní, "N kò ní dè é bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ yìí. Ẹja nìkan ni yóò gbé. Kí Tìmótì kó èrò lẹ́ẹ̀mejì." Alàgbà bá a jà, ó ní ọjà á tú kí wọ́n tó dé ẹ̀ẹ̀kejì. Bàbá di ọwọ́ padà. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí Alàgbà fi ní kó máa ṣe tirẹ̀.

Ó de ẹ́ńjìnnì náà, ó fi ara tì í wò. Ó wá ju àjẹ̀ méjì sínú ọkọ̀, ó gbé ìdákọ̀ró àti okùn gígùn, ó wọlé, ó jókòó síwájú ọkọ mi.

Alàgbà ní, "Ìwọ ń lọ síbo?"

"Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ óò bì sínú ẹja o." Wọ́n lọ.

Tìmótì ló kọ́kọ́ la ibi ìgbì kọjá. Ti Sámúẹ́lì tẹ̀ lé e. Ìró méjì ni mo ń gbọ́, mo ti dá a mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan ń kùn, ọ̀kan ń ké fíìfíì. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹyọ kan.

Láti èbúté, mo ń wo ọkọ̀ Sámúẹ́lì. Ọkọ̀ náà á yọ lórí ìgbì, á sì wọlẹ̀. Bó bá wọlẹ̀, mi ò ní mí títí á fi yọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹnu Sámúẹ́lì ni mo ti gbọ́ ọ. Omi kan máa ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ bá dá, àwọn awakọ̀ ń pè é ní ìtọ̀ rẹ̀. Bàbá kò wo òkun rárá, omi yẹn ni ó ń wò. Ó rí i tó tínrín bí òwú. Ó ní, "Sámúẹ́lì, kọjú ọkọ̀ sí ìgbì." Ọkọ mi yí i, kò bèèrè ìdí. Kò pẹ́, ẹ́ńjìnnì kú. Bàbá ti ju ìdákọ̀ró. Wọ́n da gbogbo ẹja sómi, wọ́n mú àjẹ̀, kí ọkọ̀ má baà yí ẹ̀gbẹ́ sí ìgbì. Tìmótì wẹ̀yìn, ó rí wọn, ṣùgbọ́n èrò kún inú ọkọ̀ rẹ̀. Bó bá yí padà, yóò kó gbogbo wọn sí i. Ó lọ.

Sámúẹ́lì ní òun bi í pé, "Bàbá, ṣé a máa kú?"

Ó ní, "N kò mọ̀. Wa ọkọ̀."

Ìgbì kan fa okùn ìdákọ̀ró, okùn náà ká mọ́ apá ọ̀tún ọkọ mi, ó fà á yọ léjìká. Láti ìgbà náà, Bàbá nìkan ló ń wa ọkọ̀, arúgbó tí eyín rẹ̀ kò pé mọ́. Oòrùn kúrò lókè orí, ó ń lọ sí ìwọ̀. Tìmótì já èrò sílẹ̀ ní Araromi, ó padà wá pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ṣá, ó ju okùn sí wọn, ó wọ́ wọn wálé. Ká ní tuntun ló wà nídìí tirẹ̀ náà, n kò mọ̀ bóyá á lè padà. Bàbá gan-an kì í jẹ́ kí n sọ pé mo mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó já èdídì, kò sẹ́ni tó bá a wí. Apá mẹ́ta ti ya kúrò lára rọ́bà náà. Ó so ó sí kókó kìíní. Àwọn alàgbà wá wò ó, akọ̀wé mú bébà lọ́wọ́, ó ṣírò, ó ní, "Ìpíndọ́gba ti wá sílẹ̀ díẹ̀. Kò pé ọdún méjì mọ́." Ara tu Alàgbà. Ó ní, "Ẹ ò rí i, a ti wá mọ̀ ọ́n báyìí."

Ọwọ́ Bàbá ti wú, kò lè ká ìka. Ó ní, "Alàgbà, ẹ́ńjìnnì Sámúẹ́lì kò kú díẹ̀."

Tuntun kejì, tí wọ́n jọ dé lọ́jọ́ kan náà, ń ná odò títí ọmọ inú mi fi di ẹni tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹnikẹ́ni kò kéde nǹkan kan ní gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹ́ńjìnnì tuntun kan kò wọ òkun kó tó lo oṣù mẹ́ta nínú odò. Bí ènìyàn bá yin Bàbá pé ó ríran, inú á bí i. Á ní, "N kò sọ pé yóò kú. Mo ní a kò tíì mọ̀ ọ́n."

Èmi kò yìn ín, n kò sì kí i. Apá Sámúẹ́lì kò gbé kọjá àyà mọ́, kò lè ju àwọ̀n. Mo ń gbé oúnjẹ síwájú Bàbá, mo ń yí ojú. Mo bímọ, ó gbé ọmọ náà, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìkómọ, mo bá a nínú àtíbàbà, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ iyanrìn. Mo ní, "Ẹ mọ̀ pé ó lè pa á."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì fi í síbẹ̀."

Ó fọ irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní, "Ká ní Sámúẹ́lì ni mo fún ní àgbà, kí Tìmótì sì bómi lọ. Èmi ti darúgbó, ìtìjú tèmi kò ní pẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ àti Dọ̀kásì lẹ ó jọ máa pọn omi nídìí táńkì kan náà. Ọdún mélòó lo rò pé o lè fi máa wolẹ̀?"

N kò dárí jì í lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn kí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì dá mi lóhùn bí ẹni pé mo kí i lánàá. Títí di òní, bí mo bá rántí apá ọkọ mi, inú máa ń bí mi sí òkú.

Ṣùgbọ́n èmi àti Dọ̀kásì jọ pọn omi nídìí táńkì yẹn títí irun àwa méjèèjì fi funfun. Èmi á gbé garawa rù ú, òun náà á gbé tèmi rù mí. Bí mo bá ń gbé e rù ú, ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò.